Àbúrò mi fẹ́ ra fó-wíìlì àlòkù fún sínò Winnipeg, ẹ bá wa dá sí i

Ajílété_Takie
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun. Àbúrò mi ọkùnrin kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí lóṣù August, ó lọ kàwé ní Winnipeg ní Kánádà, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ọdún méjì wà pẹ̀lú ẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀ báyìí, àmọ́ wọ́n ti ń dẹ́rù bà á pé òtútù tó ń bọ̀ yẹn kì í ṣe èyí téèyàn ń gbé ọmọ pọ̀n dúró de bọ́ọ̀sì. Dọ́là tiwọn lọ́hùn-ún tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò ju 9,000 lọ. Àlòkù ló fẹ́ rà, wọ́n dẹ̀ ní kó rí i dájú pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á. Ibi tọ́rọ̀ ti kàn mí nìyí, ó ní tóun bá ti lò ó fún ọdún mẹ́ta òun á fi ránṣẹ́ sí mi kí n máa fi lọ oko wa lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ẹ̀yin náà kúkú mọ bí ọ̀nà oko ṣe máa ń dà tójò bá ti dé. Mo wá ní kó ra Toyota Highlander torí ìyẹn ni gbogbo mẹkáníìkì wa mọ̀. Òun ń sọ ti Subaru, ó ní ìyẹn ni gbogbo aládùúgbò òun ń gùn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, èwo ni ká mú?

ỌmọỌ̀yọ́_Calgary
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àìfojúkàn àbúrò yín. Ẹ jẹ́ n yára sọ tèmi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í darúkọ mọ́tò. Kó yọ owó táyà sọ́tọ̀ kó tó ra ohunkóhun. Nínú 9,000 yẹn, kó mú 1,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún táyà wíńtà mẹ́rin, mẹ́rin o, kì í ṣe méjì.

Wíńtà àkọ́kọ́ tí mo lò níbí, mọ́tò mi, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà, mo rò pé mo ti là. Á gbéra nínú sínò bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nílẹ̀, mo wá ń fi àwọn tí táyà wọn ń yí lójú kan ṣẹ̀fẹ̀. Ó dọjọ́ kan mò ń bọ̀ níbi iná tráfíìkì, mi ò sáré, 30 ni mò ń rìn, iná di pupa, mo tẹ bíréèkì, ó ń gbọ̀n krr krr krr lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mọ́tò ń lọ jẹ́jẹ́ tiẹ̀ bí ọṣẹ tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn ní balùwẹ̀. Bàbá òyìnbó kan wà ní bọ́sítọ́ọ̀bù, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó, mo kọjá níwájú ẹ̀ báyìí lọ fi imú mọ́tò gún òkìtì yìnyín. Ọlọ́run ló ní kò sẹ́ni tó ń sọdá. Ọjọ́ yẹn ló tó yé mi pé fó-wíìlì yẹn, gbígbéra ló wà fún, dídúró ò kàn án. Mọ́tò wo ni kò ní bíréèkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́lẹ̀? Táyà ló ń mú un dúró.

Rọ́bà táyà wíńtà kì í le nínú òtútù, ohun tó fi yàtọ̀ nìyẹn. Táyà lásán, tí òtútù bá ti já wálẹ̀ kọjá 7 lórí Celsius báyìí, á ti máa le gan bí ike. Kó wo ẹ̀gbẹ́ táyà, á rí àwòrán òkè olórí mẹ́ta kan tí ẹyọ yìnyín wà nínú ẹ̀, ìyẹn ni kó rà. Èyí tí wọ́n kọ M+S (ìyẹn ẹrọ̀fọ̀ àti sínò) nìkan sí lára, ìyẹn ò tó. Ní Quebec òfin ni, láti December 1 dé March 15, tí wọ́n bá mú ẹ láìlò ó wàá sanwó ìtanràn. Manitoba tí àbúrò yín wà ò fi ṣòfin, àmọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bá wọn ṣe ìńṣọ́ránsì mọ́tò níbẹ̀ ní ètò tí wọ́n fi ń yá èèyàn lówó táyà wíńtà pẹ̀lú èlé kékeré, kó lọ béèrè.

Tòkunbọ̀_Àkẹ̀sán
Highlander ni jàre. Ẹ̀yà ara ẹ̀ pọ̀ ní Ìbàdàn bí ilẹ̀ bí ẹní, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á lọ́la, owó yín á wọlé. Subaru kẹ̀, ta lẹ fẹ́ tà á fún l'Ọ́yọ̀ọ́?

Mẹ́ká_Sábó
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pariwo Highlander, ẹ fara balẹ̀ o. Mẹkáníìkì ni mí ní Sábó níbí, abẹ́ mọ́tò ni mo fi ṣelé. Ọ̀gá kan gbé tòkunbọ̀ tuntun wá bá mi lọ́jọ́ kan, funfun báláú, ó ní páàdì bíréèkì péré ni kí n bá òun pààrọ̀. Mo rí wáyà dúdú kan tó yọrí lábẹ́ búḿpà iwájú, pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló wà lẹ́nu ẹ̀. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, ó ní àbí mọ́tò oníná ni wọ́n tà fóun láìmọ̀. Mo ní ọ̀gá, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín ná. Ibi tí òtútù ti ń mú kí ẹ́ńjìnnì gan ni wọ́n ti ń so kiní yẹn mọ́ ọn, tó bá dalẹ́ wọ́n á tì í bọ iná kí ẹ́ńjìnnì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó dàárọ̀. Ibi tó bá dẹ̀ tutù tóyẹn, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, omi iyọ̀ yẹn lá máa ta sábẹ́ mọ́tò fún bí oṣù márùn-ún lọ́dọọdún.

Mo wọ abẹ́ ẹ̀. Dúdú minimini, wọ́n ti fín ọ̀dà tuntun sí gbogbo ẹ̀. Mo fi òòlù kékeré gbá a kiri, ibì kan dún bí irin, ibì kan dún bíi páálí. Mo wá fi sípánà mú nọ́ọ̀tì páìpù bíréèkì, mi ò tíì yí i dáadáa tí páìpù fi rún mọ́ mi lọ́wọ́ bíi gúgúrú. Iṣẹ́ wákàtí kan di ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo bóòtù ló ti dógùn-ún lẹ̀ mọ́ irin, iná gáàsì la fi gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Kò séyìí tí iyọ̀ ò lè jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi Toyota búra, ṣé ẹ rántí pé ní 2016 àwọn Toyota fúnra wọn fara mọ́ àdéhùn ní Amẹ́ríkà lórí ṣásí Tacoma, Tundra àti Sequoia tó ń dógùn-ún, bílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n fojú bù ú sí. Torí ẹ̀, ẹ̀gbọ́n Ajílété, kó ra èyí tó dáa jù lágbàáyé, tó bá ti lò ó nínú iyọ̀ fún ọdún mẹ́ta tó wá fi ránṣẹ́ sí yín, irú ti ọ̀gá yẹn ló ń fi ránṣẹ́. Kó lò ó, kó tà á síbẹ̀, kó fi owó ránṣẹ́.

Ajílété_Takie
Háà. Èmi ti sọ fún ìyá wa pé mọ́tò ń bọ̀ o 😩

Wpg_Ọmọ_Ajáawà
Ẹ pẹ̀lẹ́ ẹ̀gbọ́n. Winnipeg yìí gan-an ni mo wà, ọdún mẹ́jọ rèé. Bọ̀dá mẹkáníìkì sọ òótọ́ àmọ́ ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un. Kì í ṣe gbogbo Kánádà ló rí bákan náà. Tí òtútù bá ti le kọjá -15 báyìí, iyọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríṣẹ́ ṣe mọ́, yanrìn ni wọ́n ń dà sójú títì jù níbí nígbà náà, ìdí nìyẹn tí mọ́tò tó wá láti Ontario àti Quebec fi máa ń dógùn-ún ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Àwọn tó ń ta mọ́tò dẹ̀ máa ń lọ kó wọn wá láti ibẹ̀ torí pé owó wọn rẹlẹ̀ níbẹ̀. Tí àbúrò yín bá ti rí mọ́tò tí owó ẹ̀ fi 1,500 rẹlẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, kó béèrè ibi tó ti gbé tẹ́lẹ̀. Kó ra ìwé Carfax ti Kánádà, á rí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ rí, á rí jàǹbá, á dẹ̀ rí bóyá gbèsè wà lórí ẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì o, èèyàn lè ra mọ́tò lọ́wọ́ ẹni tí ò tíì san owó báńkì tán, tí báńkì á wá gbé e lọ lọ́wọ́ ẹ.

Àlòkù ò ṣe é forúkọ sílẹ̀ ní Manitoba láìní ìwé àyẹ̀wò, wọ́n ń pè é ní safety. Àmọ́ kó má tìtorí pé ìwé yẹn wà kó má mú mẹkáníìkì tiẹ̀ dání. Kó san owó fún ẹlòmíì tí kì í ṣe ẹni tó ń tà á, kó ní kí wọ́n gbé e sókè, kó fúnra ẹ̀ wọ abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Ní ti Subaru, òótọ́ làbúrò yín sọ, ó dáa nínú sínò gidi, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà nígbà gbogbo. Àmọ́ Forester àti Outback àtijọ́, àwọn ẹ́ńjìnnì 2.5 ìgbà yẹn, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì wọn, ìyẹn ohun tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀, ni wàhálà wọn. Èyí tó bá ti ṣe tiẹ̀ tán tí ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́, kó rà á. Èyí tí ò bá tíì ṣe é, owó ńlá ṣì ń dúró dè é níwájú. Àwọn Forester tó bọ́ sí 2011 sí 2014, ẹ́ńjìnnì ti yí padà, òmíì nínú wọn wá ń mu óìlì, kó máa wo díìpù sítíìkì ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Under_G
Ẹ má bínú o, èmi ò mọ mọ́tò, àmọ́ bàbá àwọn ìbejì wà ní Minnesota, Corolla ló ń gùn láti ọdún kẹfà, iwájú nìkan ló ń fà, ó dẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Táyà wíńtà ló fi sí i. Ṣé dandan ni fó-wíìlì yìí ni àbí kẹ́ ẹ ṣáà fẹ́ náwó?

ỌmọỌ̀yọ́_Calgary
Àǹtí mi, ẹ sọ̀rọ̀ 😂. Tó bá jẹ́ àárín ìlú nìkan ni, tí wọ́n ń wa sínò kúrò lójú títì ní kíákíá, Corolla pẹ̀lú táyà wíńtà sàn ju fó-wíìlì tó gbé táyà lásán, ìyẹn ò níjà nínú. Àdúgbò tí wọn kì í tètè wá wa ti ẹ̀, àbí ẹni tó ń jáde fún iṣẹ́ alẹ́ kí katakata tó kọjá, ìyẹn ló máa mọ iyì fó-wíìlì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi í pé ibo ló ń gbé àti aago mélòó ló ń jáde.

Bàbá_Oníkajú
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Oko kajú ni tèmi lọ́nà Ìrẹsà. Ẹ jẹ́ n sọ ti ibí. Aládùúgbò oko mi kan ra fó-wíìlì tòkunbọ̀ lọ́dún bí i mẹ́ta sẹ́yìn, owó gọbọi. Lọ́jọ́ tójò rọ̀ gidi, ó kó òṣìṣẹ́ méje sẹ́yìn, ó ní kí gbogbo ayé yàgò, ó ti imú bọ ẹrọ̀fọ̀. Táyà iwájú ń yí fìrìfìrì, ti ẹ̀yìn dúró bí òkú. A bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣáàfù tó lọ sẹ́yìn ò sí níbẹ̀! Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ní Nàìjíríà ti ní kí wọ́n yọ ọ́ torí pé ó ń mu epo. Ọdún kan gbáko ló fi ń pe ara ẹ̀ ní onífó-wíìlì. Katakata ló fà á jáde, ó san owó ẹ̀, ó tún ra ọtí fún àwa tá a wá wòran.

Torí ẹ̀, ibi yòówù téèyàn bá wà, kó wo abẹ́ mọ́tò kó rí ṣáàfù yẹn pẹ̀lú ojú ara ẹ̀. Àkọlé tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀tù kì í fa mọ́tò.

Mẹ́ká_Sábó
Bàbá, ẹ ṣeun, àwa mẹkáníìkì la bà á jẹ́, mi ò ní parọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá yọ ṣáàfù yẹn, ohun tó wà láàárín gan-an lá jóná.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé irú tó wà torí gbogbo ẹ̀ kọ́ ni fó-wíìlì kan náà. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré bíi Hilux tàbí Tacoma, ìwọ fúnra ẹ lo máa yí i, 2H (táyà méjì ló ń fà), 4H (mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà), 4L (mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, jẹ́jẹ́ àmọ́ pẹ̀lú agbára). Tó o bá ti yí i sí 4H, iwájú àti ẹ̀yìn ti so pọ̀ gírígírí, kò dẹ̀ yẹ kó o fi rìn lórí títì gbígbẹ torí tó o bá fẹ́ yà, táyà iwájú ń rin ìrìn tó jìn ju ti ẹ̀yìn lọ, wọ́n á máa fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí nǹkan á fi já. Èyí dáa fún ẹrọ̀fọ̀ oko. Nínú ìgboro onísínò, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe sọ fún mi, ojú títì kan náà lè gbẹ níbí, kó di yìnyín níwájú, kó tún gbẹ, ta ló fẹ́ máa yí ọwọ́ kiri? Ìkejì ni èyí tó ń fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà gbogbo, bíi Subaru yẹn àti Highlander àkọ́kọ́. Ìkẹta ni èyí tí iwájú ń fà, tó jẹ́ pé ìgbà tí iwájú bá yọ̀ ló tó pe ẹ̀yìn, CR-V ti Honda nìyẹn, RAV4 ti Toyota láti 2006 náà nìyẹn, òun tún ní bọ́tìnì téèyàn lè tẹ̀ kó dè é pọ̀ tó bá ń rìn jẹ́jẹ́. Fún ìyá ọmọ tó ń gbé ọmọ lọ sí kírẹ́ẹ̀ṣì, ìkejì tàbí ìkẹta ti tó.

Ìkẹta àti ìkejì, wọ́n kórìíra kí táyà má bára wọn dọ́gba. Tí méjì bá jẹ́ tuntun tí méjì ti jẹ tán, kiní tó wà láàárín yẹn á rò pé táyà ń yọ̀, á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, á gbóná, á kú. Ẹ rí àwọn tó ń ra táyà ẹyọ kan lọ́wọ́ fọ́kánáísà, gbèsè ni wọ́n ń rà.

Ajílété_Takie
Ẹ̀yin ará, mo ti dé o. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún un lórí fóònù. Ẹ̀yìn ìlú ló ń gbé, aago márùn-ún ìdájí ló ń jáde fún iṣẹ́ tó fi ń ti ìwé lẹ́yìn, ó ní títì àdúgbò àwọn ló máa ń kẹ́yìn láti wa. Fó-wíìlì náà ni. Ó wá rí méjì. RAV4 2008 kan, ẹ́ńjìnnì 2.4, ń dán gbinrin, 6,900. CR-V 2010 kan lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan, 7,800, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan ti họ, ó ti rin 190,000 kìlómítà, àmọ́ bàbá yẹn ní fáìlì gbogbo ohun tó ti tún ṣe lára ẹ̀, táyà wíńtà mẹ́rin tún wà nínú gáréèjì ẹ̀. Mo fi fọ́tò abẹ́ méjèèjì síbí. Ọkàn àbúrò mi wà lọ́dọ̀ èyí tó ń dán.

Mẹ́ká_Sábó
Ẹ fẹ fọ́tò kejì ti RAV4 yẹn tóbi. Ṣẹ́ ẹ rí irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ibi tí ọ̀dà dúdú ti wú bí ara ẹni tí iná jó? Ìpáàrà ló wà lábẹ́ ẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà. Ẹ tún wo bóòtù, gbogbo ẹ̀ dúdú bákan náà, kò sí mọ́tò ọdún bẹ́ẹ̀ tí bóòtù ẹ̀ máa dọ́gba báyẹn àyàfi tí wọ́n bá fín in. Ti CR-V, ìpáàrà wà, àmọ́ ti ojú irin lásán ni, ó pọ́n díẹ̀díẹ̀, etí irin ẹ̀ ṣì mú. Tèmi, CR-V.

Wpg_Ọmọ_Ajáawà
Èmi náà. Ẹ́ńjìnnì 2.4 ti RAV4 láti 2006 sí 2008 yẹn náà ń mu óìlì tẹ́lẹ̀, ká tún fi iyọ̀ lé e. Tó bá lọ wo CR-V, kó wọ páàkì tó ṣófo, kó yí sítíárìn dópin, kó máa rìn yípo jẹ́jẹ́ lápá ọ̀tún, kó tún ṣe é lápá òsì. Tó bá gbọ́ ohun tó ń kùn ùùn-ùùn lẹ́yìn bí ẹni inú ń run, kó má sá, óìlì inú jíà ẹ̀yìn tó ń yí táyà ló ti gbó, ti Honda fúnra wọn ni kó fi pààrọ̀ ẹ̀, kì í sábà ju ìyẹn lọ. Tó bá jẹ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ ló ń dún níwájú, ìyẹn ni kó fi dúnàádúrà. Kó dẹ̀ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT lára táyà wíńtà tí bàbá fẹ́ fún un, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é.

Ajílété_Takie
3417 ló wà lára ẹ̀.

ỌmọỌ̀yọ́_Calgary
Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é nìyẹn. Rọ́bà ẹ̀ ti gbó, kó má kà á sí owó. Kó ní kí bàbá yọ ọ́ kúrò nínú iye ẹ̀, kó ra tuntun. Kó dẹ̀ má fi falẹ̀, ní October 2019 sínò já lu Winnipeg nígbà tí ewé ṣì wà lórí igi, ó wó igi jákèjádò ìlú. Tó bá dìgbà yẹn, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń de táyà á ti kún.

Ajílété_Takie
Ó rà á o, 7,300! Ó ní ó kùn díẹ̀ lẹ́yìn lóòótọ́, wọ́n ti pààrọ̀ óìlì yẹn, ó dákẹ́. Táyà tuntun á wọlé lọ́jọ́ Thursday. Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ ò ní rí ibi. Ti pé kó fi ránṣẹ́ sílé, a ti fi ìyẹn sílẹ̀, èmi ni mo máa lọ ṣàlàyé fún màámi. Ó kù kan, ó ní pọ́lọ́ọ̀gì tí mẹkáníìkì sọ yẹn wà níwájú tiẹ̀ náà, ṣé láti alẹ́ mọ́jú ló máa fi máa wà nínú iná ni?

Wpg_Ọmọ_Ajáawà
Rárá, á kàn máa jó owó iná ni. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó jáde ti tó, kó ra táímà kékeré kan kó fi sí i, kó tan ara ẹ̀ ní aago kan òru. Tí òtútù bá ti dé -15 ni kó bẹ̀rẹ̀. Kó dẹ̀ rántí yọ ọ́ kó tó wakọ̀ o, ọdún àkọ́kọ́ tèmi, wáyà ilé ni mo fà lọ dé ẹnu géètì.

Mẹ́ká_Sábó
Wákàtí mẹ́rin iná tí ò ṣẹ́jú. Ẹ ò rí i pé mọ́tò yẹn ò lè gbé Ògbómọ̀ṣọ́ 😂